Àlàáfíà Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Tí Ìjọba Ń Ránni

Abúlé Esnes, nítòsí Verdun ní ilẹ̀ Faransé, ni iṣẹ́ ìyọ̀ǹda-ara-ẹni fún àlàáfíà láàárín orílẹ̀-èdè ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1920. Ogun Àgbáyé Kìíní ti sọ ibẹ̀ di àlàpà. Pierre Cérésole, ẹnjiníà ọmọ Swítsáláńdì, ló kó ènìyàn díẹ̀ lọ láti kọ́ ilé onípákó fún àwọn àgbẹ̀ tí kò rí ibi sùn. Àwọn ọmọ Jámánì wà nínú wọn, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Jámánì náà ló bá Faransé jagun níbẹ̀. Ohun tó dá Cérésole lójú ni pé iṣẹ́ àṣelàágùn ló ń parí ìjà, kì í ṣe ìwàásù. Oṣù díẹ̀ péré ni wọ́n lò kí àwọn aláṣẹ àdúgbò tó mú kí wọ́n kó ẹrù wọn, nítorí ọgbẹ́ ogun ṣì tutù. Síbẹ̀, ilé tí wọ́n kọ́ dúró.

Ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé nínú ìtàn yìí ni pé ẹni tó dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ ń ta ko ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ ni. Bàbá Cérésole ti jẹ Ààrẹ Swítsáláńdì rí, ṣùgbọ́n ní 1917 ọmọ rẹ̀ kọ̀, kò san owó orí iṣẹ́ ológun, wọ́n sì tì í mọ́lé. Ẹgbẹ́ rẹ̀, Service Civil International, ń béèrè pé kí òfin jẹ́ kí ẹni tí ọkàn rẹ̀ kọ ìbọn fi ṣọ́bìrì sin ìlú dípò rẹ̀. Cérésole kú ní 1945 láì fojú rí i. Ọdún 1992 ni àwọn ará ìlú tó dìbò gbà á, 1996 ni òfin rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Iṣẹ́ náà kò dúró de òfin. Nígbà tí odò Rhine ya bo oko ní Liechtenstein ní 1927, àwọn tó lé ní 700 wá láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó òkúta àti yanrìn kúrò lórí ilẹ̀ olóko. Lẹ́yìn ìmìtìtì ilẹ̀ tó wó Bihar ní Íńdíà ní 1934, Cérésole gba ibẹ̀ lọ. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló wà lórí Íńdíà nígbà náà, ṣùgbọ́n ó bá Rajendra Prasad ṣiṣẹ́ pọ̀, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde lẹ́wọ̀n Gẹ̀ẹ́sì, tó sì wá di Ààrẹ Íńdíà àkọ́kọ́.

Ní 1960 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Nígbà tí John F. Kennedy ń polongo ìbò fún ipò Ààrẹ Amẹ́ríkà ní San Francisco, ó tọ́ka sí àwọn olùkọ́, dókítà àti ẹnjiníà tí àwọn ìjọba Kọ́múníìsì ń rán lọ sókè òkun, ó ní kí Amẹ́ríkà náà rán tirẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 1961, ó fọwọ́ sí ìdásílẹ̀ Peace Corps. Ọ̀kan nínú ète mẹ́ta tí òfin kọ sílẹ̀ fún un ni pé kí àwọn ará ilẹ̀ mìíràn lè mọ àwọn ará Amẹ́ríkà dáadáa. Ìdíje pẹ̀lú Moscow wà nínú ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ohun tí irú ìdíje bẹ́ẹ̀ bí lè wúlò gan-an, ṣùgbọ́n àlàáfíà kọ́ ni orúkọ rẹ̀.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ University College, Ìbàdàn, tètè rí i. Ní oṣù kẹwàá 1961, ọdún kan péré lẹ́yìn òmìnira Nàìjíríà, káàdì tí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ Peace Corps tí wọ́n rán wá síbẹ̀ kọ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé bọ́ sí wọn lọ́wọ́. Ó ṣàpèjúwe ìgbé ayé Ìbàdàn bí ti àwọn tí kò tíì lajú. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n pín in káàkiri ọgbà, wọ́n sì fẹ̀hónú hàn pé aṣojú amúnisìn ni àwọn àlejò náà. Àwọn kan ṣì ń pe ìyẹn ní ìbínú ọmọdé. Wọn kò tọ̀nà. Ìbéèrè àgbà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà béèrè: ta ló rán yín, kí sì ni ó rán yín wá ṣe?

Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wọ̀nyẹn kọ́ni tọkàntọkàn ní abúlé tí olùkọ́ kì í dé. A rán wọn níṣẹ́ ẹrú, wọ́n fi tọmọ jẹ́ ẹ. Àwọn ni ìyìn tọ́ sí, kì í ṣe ẹni tó rán wọn. Nàìjíríà náà dá Technical Aid Corps sílẹ̀ ní 1987, ó ń rán dókítà, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ sí ilẹ̀ tó bá béèrè ní Áfíríkà, Kàríbíánì àti Pàsífíìkì. Ìránwọ́ ló pe iṣẹ́ rẹ̀, kò pè é ní àlàáfíà, ìyẹn sì dára.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí ogún Cérésole wà, kó wo Guatemala. Ní 1985, wọ́n pa àwọn aṣáájú méjì nínú ẹgbẹ́ àwọn ìdílé tí wọ́n gbé ènìyàn wọn lọ láì padà. Peace Brigades International, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1981, wá ń rán àlejò tí kò ní ohun ìjà kankan láti máa bá àwọn aṣáájú tó kù rìn tọ̀sán-tòru, kí apànìyàn lè mọ̀ pé ojú ayé ń wo òun. Àwọn ọmọ ilẹ̀ ló pè wọ́n, àwọn ọmọ ilẹ̀ ló sì ń darí ìjà wọn fúnra wọn. Àlejò kàn ń fi ara rẹ̀ ṣe ìdènà ni. Kì í ṣe eré: ní 1989, wọ́n ju bọ́ǹbù ọwọ́ sí ilé Peace Brigades, wọ́n sì tún fi ọ̀bẹ gún àwọn olùyọ̀ǹda lójú pópó. Ẹgbẹ́ náà kò tìtorí ìyẹn kúrò.

Ẹ fi èyí wé òwò tó gbòde lónìí, níbi tí ọ̀dọ́ ilẹ̀ olówó ti ń sanwó fún ilé iṣẹ́ arìnrìn-àjò kó lè lo ọ̀sẹ̀ méjì nílé ọmọ òrukàn ní Kàmbódíà tàbí Nepal. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ni òbí wọn wà láàyè. Wọ́n kó wọn kúrò nílé kí àlejò tó sanwó lè rí ọmọ gbé jó. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, àlejò á lọ, ọmọ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni mìíràn tí yóò rọ̀ mọ́. Ìwà ìkà ni. Kí àwọn ìjọba tí ilé wọ̀nyí wà lábẹ́ wọn tì wọ́n pa, kí wọ́n dá ọmọ padà fún ìyá rẹ̀, kí iléèwé àti ṣọ́ọ̀ṣì ilẹ̀ olówó sì dẹ́kun kíkó ọ̀dọ́ wọn lọ síbẹ̀.