Àkọlé Kì í Ṣe Ọ̀ṣọ́: Ìdí tí Ó Fi Yẹ Kí Á Máa Pín Àròkọ Yorùbá sí Ìsọ̀rí

Ìwà kan ti wọ àwa òǹkọ̀wé Yorùbá lẹ́wù, ó sì ti tó àkókò kí á sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún ara wa nípa rẹ̀. A ó kọ àròkọ tí ó gùn bí ọ̀nà Ọ̀yọ́, a ó kó ìmọ̀ gidi sínú rẹ̀, a ó wá dà á sílẹ̀ bí ẹrù tí a kò dì. Kò ní ìsọ̀rí, kò ní àkọlé kéékèèké. Òwe kan ṣoṣo ni ó máa ń wà lókè rẹ̀, òwe náà kì í sì í sọ ohun tí ọ̀rọ̀ dá lé. Bí ó bá sú òǹkàwé, a ó ní àwọn ọmọ ìwòyí kò fẹ́ràn èdè wọn mọ́. Mo ní ẹjọ́ náà kò tọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó wá wa. Wọn kò rí wa ni.

Òǹkọ̀wé tí kò sọ ibi tí ó ń lọ

Ẹ wo ibùdókọ̀ ní Ìbàdàn yìí. Awakọ̀ tí ó ń lọ sí Challenge, Challenge ni yóò máa ké. Èyí tí ó ń lọ sí Ring Road, Ring Road ni yóò pè. Kò sí awakọ̀ tí yóò dúró ní Dùgbẹ̀ kí ó máa pa òwe fún èrò, kí ó ní kí wọ́n sáà wọlé ná, pé bí wọ́n bá débẹ̀ wọn yóò mọ ibi tí àwọn dé. Ta ni yóò wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀? Síbẹ̀, ohun tí à ń ní kí òǹkàwé wa ṣe nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjà Bódìjà. Onípákó ní ibi tirẹ̀, ẹni tí ń ta ẹ̀wà àti gàrí náà ní ibi tirẹ̀. Ẹni tí ẹ̀wà ń wù kì í tú ìsọ̀ pákó kiri. Kò sí ẹni tí ó sọ pé ètò yìí ba ọjà jẹ́. Kí ló dé tí a fi gbà pé yóò ba ìwé jẹ́?

Ifá ti ní ìsọ̀rí kí ìwé tó dé

Èsì tí àwọn kan máa ń fọ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni lítíréṣọ̀ wa, pé àṣà òyìnbó ni gígé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kí ni wọ́n ti fẹ́ pe Odù Ifá? Ojú Odù 16 ni ó wà, ọmọ Odù sì jẹ́ 240. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 256. Abẹ́ Odù ni ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ń gbé. Bí Ìrosùn Méjì bá hù lójú ọpọ́n, babaláwo kì í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tú gbogbo ohun tí ó kọ́ láti ìgbà èwe yẹ̀bẹ̀yẹ̀bẹ̀. Orúkọ Odù ti sọ iyàrá tí yóò wọ̀ fún un. Láìsí orúkọ wọ̀nyẹn, orí ènìyàn kan ì bá má lè gbé ìmọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa tí kò kọ ìwé mọ̀ pé ìmọ̀ tí kò ní àdírẹ́sì ti sọnù.

Nígbà tí ìwé dé, ètò kò parí. Ní 1884 ni Bíbélì Yorùbá pé pérépéré, ó sì bá wa dé pẹ̀lú orí àti ẹsẹ. Ìlà àti nọ́ńbà ẹsẹ tí à ń lò nínú Májẹ̀mú Tuntun lónìí kò sí níbẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Robert Estienne, òǹtẹ̀wé ọmọ Faransé, ni ó fi wọ́n sí i ní 1551. Kò sí ìyá àgbà kan tí ó sọ pé nọ́ńbà wọ̀nyẹn bu ẹwà èdè kù. Òun gan-an ni ó máa ń yára ṣí i jù.

Ẹ jẹ́ kí òwe wà, ṣùgbọ́n kí ó má dá wà

Àwọn alátakò mi ní òwe kan tí wọ́n fẹ́ràn: bí òwe bí òwe là ń lù ìlù àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Mo gbà fún wọn bí ó bá jẹ́ ewì. Akéwì lè fi ohun tí ó fẹ́ pamọ́. Àmọ́ àròkọ kì í ṣe àgídìgbo. Ẹni tí ó ń kọ nípa ìtàn, ìlera tàbí òfin ogún pípín ń bá ẹni tí ó nílò ìdáhùn sọ̀rọ̀ ni. Àní nínú ìtàn àròsọ pàápàá, ẹ wo ohun tí D. O. Fágúnwà ṣe ní 1938. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ sọ ẹni tí a ó bá pàdé, ó sọ ibi tí a ó ti bá a pàdé, kò sì bu adùn ìwé náà kù.

Ká ní ẹnìkan kọ àròkọ lórí Ogun Kírìjì, tí ó pe àkọlé rẹ̀ ní “Ìjà Ò Dọlà.” Òwe náà bá ọ̀rọ̀ mu. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń wá ìdí tí Ìbàdàn àti Èkìtì Parapọ̀ fi wọ̀yá ìjà láti 1877 kò ní mọ̀ láéláé pé òun ni a kọ ọ́ fún. Kí ni ìnira tí ó wà nínú fífi kún un pé “Ohun tí Ó Fa Ogun Kírìjì”? Òwe wà níbẹ̀, ọ̀nà náà sì wà níbẹ̀.

Àwọn akadá pàápàá kò bọ́ nínú ẹ̀bi yìí. Ìfáárà, Àgbéyẹ̀wò, Àgbálọgbábọ̀: àkọlé mẹ́ta tí a lè lẹ̀ mọ́ iṣẹ́ èyíkéyìí lábẹ́ ọ̀run. Àkọlé tí ó bá gbogbo iṣẹ́ mu kò jẹ́ ti iṣẹ́ kankan.

Lẹ́tà ńlá kì í ṣe àkọlé

Ẹ wá dé Agbowó, ní iwájú Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí àwọn ṣọ́ọ̀bù atẹ̀wé ti to ara wọn lọ súà. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lórí èdè wa ni ó ti gba ibẹ̀ kọjá. Bí atẹ̀wé bá dé ibi àkọlé, ohun tí ó sábà máa ń ṣe ni pé kí ó sọ lẹ́tà di ńlá, kí ó mú un dúdú, kí ó sì kọjá lọ. Lójú ènìyàn, àkọlé ni. Nínú kọ̀ǹpútà, ìlà kan lásán tí a kùn ní ọ̀dà ni. Àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà ti ya ààyè sọ́tọ̀ fún àkọlé: ti àkọ́kọ́, ti abẹ́ rẹ̀, ti abẹ́ ìyẹn. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìpele mẹ́fà ni ó ní. Ẹni tí ó bá lo ààyè yìí, kọ̀ǹpútà yóò bá a to àkóónú ìwé rẹ̀ fúnra rẹ̀. Afọ́jú tí ẹ̀rọ ń kàwé fún yóò lè fo láti ìsọ̀rí kan sí èkejì, kò ní jókòó gbọ́ gbogbo rẹ̀ kí ó tó dé ibi tí ó ń wá. Bákan náà, yóò ran Google àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ láti mọ ohun tí iṣẹ́ náà dá lé.

Ìṣòro àmì ohùn

Èdè tiwa tún ní ẹrù tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá ń wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá tẹ “ogun,” ogun jíjà ni, tàbí ogún bàbá, tàbí Ògún òrìṣà, tàbí odò Ògùn? Èyí kò wá túmọ̀ sí pé kí á jí àmì ohùn gbé. Ẹ fi àmì sí i pérépéré, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ mìíràn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ogún” nìkan kò tó. “Pípín Ogún Láàárín Àwọn Ọmọ Olóògbé” kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà, bí àmì tilẹ̀ bọ́ dànù. Ẹ sì sá fún àwọn fọ́ǹtì àtijọ́ tí wọ́n fi àmì mìíràn ṣe ẹ àti ọ. Bí iṣẹ́ náà bá kúrò lórí kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, wótòwótò ni yóò dà, kò sì sí ẹ̀rọ tí yóò rí i.

Ohun tí mo ń béèrè

Kí olóòtú máa dá àròkọ gígùn tí kò ní ìsọ̀rí padà fún ẹni tí ó kọ ọ́. Kí olùkọ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ láti máa fi àkọlé sọ nǹkan gidi. Kí àwa òǹkọ̀wé sì yé di ẹ̀bi ru àwọn ọmọ. Bí ọmọ Yorùbá kan bá béèrè ìbéèrè lónìí tí èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan sì dá a lóhùn, ó lè jẹ́ pé ìdáhùn náà wà ní Yorùbá, tí ó dára jù, tí ó sì ti wà tipẹ́, ní ojú-ìwé kẹtàdínlógún àròkọ kan tí ẹni tí ó kọ ọ́ kò fún ní orúkọ.