Ọ̀rọ̀ Inú Ilé: Títún Ilé Ìdáná Ṣe ní Díẹ̀díẹ̀

Láti ọdún 1991 tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ni Òṣogbo ti jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Àbẹ̀rẹ̀ ni àwọn ọ́fíìsì ìjọba wà, nítorí náà ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ni ó kọ́ ilé sí ìtòsí ibẹ̀. Bí agbára olúkúlùkù ti mọ ni ó ń kọ́lé. Ẹlòmíràn a sì kó wọlé kí a tó rẹ́ ògiri rẹ̀ tán. Àwa kò rí àbùkù nínú èyí. Ohun tí ó ń kọ wá lóminú ni pé pálọ̀ ni a kọ́kọ́ máa ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, tí a sì ń fi ilé ìdáná, níbi tí oúnjẹ gbogbo ilé ti ń jáde, sẹ́yìn.

Àwọn ìyá wa àtijọ́ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n kọ́ ilé ìdáná sí, kí èéfín àti iná má baà wọ ibi tí a ń sùn. Ààrò mẹ́ta wà láàrin. Àjà wà lókè iná, níbi tí èéfín kò ti jẹ́ kí kòkòrò ba àgbàdo jẹ́. Odó wà níta, níbi tí apá ti lè nà dáadáa. Ìyá jókòó lórí àpótí, ọwọ́ rẹ̀ sì tó ohun gbogbo tí ó ń fẹ́. Nígbà tí àwa gbé ilé ìdáná wọ inú ilé, a gbé iná wọlé, ṣùgbọ́n a kò gbé afẹ́fẹ́ wọlé pẹ̀lú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ẹwà nìkan. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé ní ọdún 2020, nǹkan bí ènìyàn mílíọ̀nù 3.2 ni èéfín inú ilé pa, ó sì ju 237,000 nínú wọn lọ tí ó jẹ́ ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún. Ní Ìbàdàn, àwọn oníṣègùn yunifásítì ìlú náà pẹ̀lú àwọn ti Chicago ní Amẹ́ríkà yan aboyún 324 tí ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná, wọ́n sì fún apá kan nínú wọn ní sítóòfù tí ń lo ẹtanọ́ọ̀lì. Ohun tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2017 fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ríru kò pọ̀ láàrin àwọn wọ̀nyí tó ti àwọn yòókù. Kí baba ilé tí ń ṣe iyè méjì nípa owó fèrèsé ka èyí lẹ́ẹ̀kejì.

Nítorí náà, bí owó ọwọ́ kò bá tó ju iṣẹ́ kan lọ, fèrèsé ni kí ẹ kọ́kọ́ lá: méjì tí ó dojú kọ ara wọn. Ẹni tí ó ṣì ń lo igi, kí ó máa dáná níta. Ẹni tí ó ti ra gáàsì, kí ó gbé sílíńdà sí ẹ̀yìn ògiri, nítorí gáàsì yìí wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá ń jò, ilẹ̀ ni ó ń kó jọ sí, fèrèsé òkè kò sì lè gbé gbogbo rẹ̀ jáde. Ìhó ọṣẹ ni a fi ń wá ibi tí ó ti ń jò, kì í ṣe ìṣáná.

Lẹ́yìn èyí, ẹ má ṣe ra ohunkóhun fún oṣù kan. Ẹ máa wo ẹsẹ̀ ẹni tí ń dáná. Ẹ̀ẹ̀melòó ni ó ń lọ síbi omi tí ó sì ń padà síbi iná kí iṣu tó jinná? Níbo ni ó ń gbé ìkòkò gbígbóná kalẹ̀ sí? Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀, tí ọmọ sì ń rákò nítòsí, ẹ ti mọ̀ pé tábìlì ni ó kàn. Kí káfíńtà wọn gíga rẹ̀ mọ́ ìyá ilé, kì í ṣe mọ́ ara rẹ̀. Kí ó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Bí ìyá àgbà bá sì wí pé orí àpótí ni òun ti fẹ́ máa já ẹ̀fọ́, ẹ fi àpótí rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Ní ti odó, ẹ wá ààyè fún un níta, nítorí táìsì kò lè gba gbígún iyán; a kò sì tí ì rí Ìjẹ̀ṣà tí yóò sọ odó nù nítorí ilé ìdáná tuntun.

Ní 1926, Margarete Schütte-Lihotzky, obìnrin ayàwòrán-ilé ará Ọ́stríà, fi ìṣírò ìrìn ẹsẹ̀ àti àkókò ya ilé ìdáná kékeré kan fún ìlú Frankfurt ní Jámánì, a sì ṣe é sí nǹkan bí ilé 10,000. Ọgbọ́n ńlá ni. Ṣùgbọ́n a kan gbogbo rẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tí ó yà á sì jẹ́wọ́ lẹ́yìn náà pé òun kò tí ì dáná rí kí òun tó yà á. Ní ilé tiyín, ẹni tí ń dáná wà nítòsí. Òun ni kí ẹ bi léèrè.

Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Pẹpẹ tí ẹ bá kàn lóṣù yìí, ẹ má ì tí ì fi simẹ́ńtì rẹ́ ẹ mọ́ ògiri. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá, tí ìyá ilé ń nawọ́ mú iyọ̀ níbẹ̀ láìwo ibẹ̀, ẹ lè pe bíríkìlà.