Etí Tí Kì Í Sùn Nínú Ilé

Lálẹ́ ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, iná sọ ní Kantamanto, ọjà òkìríkà ńlá tó wà ní Accra, ní Ghana. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ni ìsọ̀ ti lọ sílé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni iná náà sọ di aláìní. Ọjà kan náà ti jó ní oṣù karùn-ún ọdún 2013.

Iná òru ló burú jù, nínú ilé pàápàá. Bí a bá ti sùn, imú wa náà sùn. Èéfín kì í jí èèyàn, ṣe ló máa ń mú oorun wọra sí i. Aago èéfín ló ń jí ni, ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tí à ń kàn mọ́ àjà. Ẹ kàn án síta yàrá ìsùn, kì í ṣe sókè sítóòfù, kó má baà máa pariwo nítorí dòdò. Ẹ máa tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ wò lóṣooṣù.

Ṣùgbọ́n bí aago dún, kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Irin tí a fi dí fèrèsé nítorí olè ti sọ ọ̀pọ̀ ilé di àhámọ́. Ẹ gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ síbi kan tí gbogbo ilé mọ̀, kì í ṣe abẹ́ ìrọ̀rí bàbá (mo mọ̀ pé wọn yóò jiyàn). Ẹ yan ẹni tí yóò mú ìyá àgbà dání, àti ibi tí ẹ ó ti pàdé níta. Bí èéfín bá pọ̀, ẹ rákò jáde. Ìta ni kí ẹ ti pe 112. Ará Èkó lè pe 767. Kí ẹnikẹ́ni má padà wọlé nítorí ẹrù.