Ta ló ń ṣọ́ orúkọ wa nínú ìwé oníMoMo?

Ẹni tó bá fẹ́ gbowó ní ìsọ̀ oníMoMo, ìyẹn aṣojú owó orí fóònù, ní Banigbé ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ yóò sọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀, nígbà mìíràn wọn a tún gba káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìsọ̀, inú ìwé àkọsílẹ̀ kan tó wà ní ṣíṣí lórí tábìlì ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀, ojú ẹni tó tò tẹ̀ lé e sì tó o. Ilé ìwòsàn náà ní ìwé tirẹ̀: orúkọ, ọjọ́ orí, àdúgbò, àìsàn.

Òfin wà o. Láti ọdún 2009 ni orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti ṣòfin lórí ìsọfúnni nípa ara ẹni. Lọ́jọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, òfin 2017-20, ìyẹn Code du numérique, mú un gbòòrò sí i, àjọ APDP ló sì ń mójú tó o. Òfin yìí kò fi ọ̀rọ̀ ìlera ṣeré rárá: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó o jọ, àfi tí aláìsàn bá gbà tàbí tí òfin fúnra rẹ̀ bá yọ̀ǹda.

Ẹ̀bá ààlà Nàìjíríà ni Banigbé wà, owó séfà àti náírà jọ ń ná níbẹ̀. Ẹni tó bá ń lo báńkì ní òdìkejì wà lábẹ́ òfin ìsọfúnni ara ẹni tí Nàìjíríà fọwọ́ sí lọ́jọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023. Lábẹ́ òfin náà, bí àṣírí oníbàárà bá tú lọ́nà tó lè pa á lára, láàárín wákàtí 72 ni ilé iṣẹ́ ní láti fi tó àjọ tó ń mójú tó òfin náà létí.

Kí ló lè ṣẹlẹ̀ bí wọn ò bá pa ìsọfúnni wa mọ́? Ní ọdún 2021, NITDA, àjọ ìjọba Nàìjíríà lórí ìmọ̀ ẹ̀rọ ìsọfúnni, bu owó ìtanràn mílíọ̀nù mẹ́wàá náírà lé Soko Loans. Ilé iṣẹ́ ayánilówó yìí ń wọ inú fóònù ẹni tó yáwó, ó ń kó nọ́ńbà àwọn èèyàn rẹ̀, ó sì ń ránṣẹ́ sí wọn nípa gbèsè tí wọn kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ẹ wo irú ìyẹn ní ìlú kékeré, níbi tí ìyá ọkọ, oníbàárà àti olórí ẹgbẹ́ àjọ ti mọ ara wọn! Bí ẹni tó yáwó bá jẹ́ oníṣòwò, ọjà rẹ̀ lè kú kó tó san gbèsè náà tán.

Ti ìlera tún burú jù. Ní Fínlándì, àwọn ọ̀daràn jí ìwé àwọn tó ń gba ìtọ́jú ọpọlọ ní ilé iṣẹ́ Vastaamo. Ní ọdún 2020, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè owó lọ́wọ́ àwọn aláìsàn fúnra wọn kí wọ́n má baà tú àṣírí wọn. Nígbà tó di ọdún 2021, ilé iṣẹ́ náà ti wọko gbèsè.

Àwọn oníṣòwò kan ń sọ pé owó gọbọi ni pípa òfin yìí mọ́ ń ná èèyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún oníMoMo: àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ kò wọ́n, kò sì sí ìdí tí yóò fi béèrè ju ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ nílò lọ. Ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ni kí a di ẹrù náà lé lórí. Àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù tó ń jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀ ló yẹ kó kọ́ ọ. Kí APDP náà wá sí Ifangni tí Banigbé wà lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n fi Yorùbá àti Gùn ṣàlàyé òfin yìí lọ́jọ́ ọjà, kí wọ́n sì fi ibi tí a ó gbé ẹjọ́ lọ han aráàlú.