Ìwé Kíkà Nígbà Ìsinmi Gígùn
Ní Ọ̀rẹ̀, ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìwé mẹ́fà a máa fi ìsinmi gígùn kiri ọjà lójú ọ̀nà Èkó sí Bìnì; ti Odígbó a sì máa bá òbí rẹ̀ lọ sí oko kòkó. Iṣẹ́ kò burú. Ṣùgbọ́n kí ó tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ó yẹ kí ó ka odidi ìwé kan, kì í ṣe àyọkà lásán. Kí ó mú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ tí D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, ṣe jáde ní 1938. Èdè rẹ̀ le fún ọmọdé, òótọ́ ni. Nítorí náà, kí ó máa kà á sókè lálẹ́ létí àwọn àgbà: ọ̀rọ̀ tí ó bá rú u lójú, bàbá tí kò mọ̀wé rárá lè ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọdẹ.