Ẹ Jẹ́ Kí Òǹwòran Sọ̀rọ̀, Kó Sáà Wò Ó Tán

 

Ọ̀rọ̀ kan ti di àríyànjiyàn láàárín àwa awo. Bí fíìmù tuntun tí ó ní Ifá tàbí òrìṣà nínú bá ti jáde, tọmọdé tàgbà ni í máa dá a lẹ́jọ́. Èyí á ní ó dùn, tọ̀hún á ní oògùn ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹlòmíràn á ní ìdajì péré ni òun wò kí òun tó pa á. Àwọn kan nínú ẹlẹgbẹ́ mi ní kí irú àwọn òǹwòran bẹ́ẹ̀ dákẹ́, nítorí pé wọn kò kọ́ awo, wọn kò sì kọ́ iṣẹ́ eré. Èmi kò fara mọ́ ọn. Bí a bá ní kí ọ̀gbẹ̀rì má dá sí ọ̀rọ̀, a jẹ́ pé a ti gbàgbé bí a ti ń dá Ifá.

Ẹ wo ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lórí ẹní. Ẹni tí ó wá dáfá yóò sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí owó tàbí sí ọ̀pẹ̀lẹ̀. Babaláwo kò ní gbọ́ ọ. Odù yóò yọjú, ọ̀kan nínú 256, awo yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ki àwọn ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ta ni yóò sọ pé ẹsẹ̀ yìí ni ó bá ọ̀rọ̀ náà mu? Ẹni tí ó wá dáfá ni. Awo lè ti lo ọdún mẹ́wàá lẹ́sẹ̀ ọ̀gá rẹ̀, síbẹ̀ àgbẹ̀ tí kò mọ ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni yóò dá a dúró pé, "Baba, ibẹ̀ yẹn gan-an ni."

Ṣùgbọ́n a máa gbọ́ ẹsẹ̀ náà tán: àwọn awo tí ó dá Ifá, ẹni tí wọ́n dá a fún, ìdí tí ó fi lọ, ẹbọ tí wọ́n ní kí ó rú, bóyá ó rú u tàbí ó kọ etí ikún sí i, àti ohun tí ó gbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tí ó bá dìde lọ nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibi tí ẹnìkan ti kọ ẹbọ, yóò máa sọ kiri ìlú pé Ifá ní kí a má rúbọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo rí i nígbà tí Aníkúlápó ti Kúnlé Afọláyan jáde ní 2022. Obìnrin kan ládùúgbò mi ní fíìmù náà ń yin àgbèrè, nítorí pé Saro gba ayaba lọ́wọ́ ọba, ó sì di ẹni ńlá. Mo bi í bóyá ó wò ó tán. Ó ní rárá. Ẹni tí ó wò ó tán mọ̀ pé àdó ẹyẹ àkàlà ni Saro fi ń jí òkú, pé ìgbéraga wọ̀ ọ́ bí ẹ̀wù títí ó fi ń béèrè ọmọ ọba, àti pé ọjọ́ tí ó yẹ kí àdó náà jẹ́ jù lọ ni kò jẹ́ mọ́. (Èmi fúnra mi rò pé fíìmù náà gùn jù, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ó ń dùn mí lórí àga, n kò ní fi ìyẹn dá a lẹ́bi.)

Nígbà tí Ṣaworoidẹ ti Túndé Kèlání jáde ní 1999, ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀, ẹ rántí bí Lápité ṣe kọ ètùtù tí ó so ọba mọ́ ìlú, tí ó sì jọ̀wọ́ igbó ìlú fún àwọn agégẹdú. Mekáníìkì àti aránṣọ tí kò mọ ohunkóhun nípa ìwúyè ọba ni mo gbọ́ lẹ́nu wọn pé, "Ìjọba wa rèé." Kò sí awo tí ó lè túmọ̀ rẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí inú ti ń bí mi ni ti babaláwo orí fíìmù: aṣọ pupa, agbárí òkú, igbe kíké, àti owó tí ń jáde láti inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Ní 2024, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí ń yẹ fíìmù wò kéde òfin tí ó tako fíìmù tí ń gbé oògùn owó lárugẹ. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹnu òǹwòran yára ju òfin lọ. Ẹni tí bàbá rẹ̀ àgbà jẹ́ awo mọ ìdè Ifá lọ́wọ́ rẹ̀, ó mọ ikin 16, ó mọ ìyẹ̀rẹ̀-osùn lórí ọpọ́n, ó sì mọ pé ẹyẹlé, àkùkọ, ẹ̀kọ àti epo ni wọ́n máa ń rán òun lọ rà lọ́jà. Kò nílò kí a tẹ̀ ẹ́ nífá kí ó tó sọ pé, "Èyí kò jọ ti ilé wa." Bí kò bá sọ ọ́, ọmọ tí kò ní irú bàbá àgbà bẹ́ẹ̀ yóò gba ohun tí ó rí gbọ́.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀dọ́kùnrin kan wá sọ́dọ̀ mi pé kí n ṣe òun lówó. Ohunkóhun tí mo bá ní kí òun mú wá, òun yóò mú un wá, ì báà jẹ́ ènìyàn. Mo ní Ifá kì í gba bẹ́ẹ̀, kí ó jókòó kí a bi Ifá nípa iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó wò mí tìyanutìyanu, ó ní bóyá èmi kì í ṣe ojúlówó awo. Mo bi í pé babaláwo wo ni ó ti rí tí ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òṣèré méjì ni ó dárúkọ.