Ìṣíhùn kọ́ ni ìdána

Lọ́dún 2016, bọ́ọ̀sì pupa kan ń ti ìlú dé ìlú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí wọ́n kọ gàdàgbà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni pé mílíọ̀nù 350 pọ́n-ùn ni Ìlú Ọba ń kó fún àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù, ìyẹn EU, lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àti pé ó sàn kí wọ́n fi owó náà tọ́jú NHS, ètò ìlera ìjọba tí olówó àti tálákà jọ ń lò. Irọ́ ni iye náà. Láti ọdún 1984 ni Margaret Thatcher, olóòtú ìjọba ìgbà náà, ti gba ẹ̀dínwó fún ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì máa ń yọ ẹ̀dínwó ọ̀hún kí owó tó jáde nílùú rárá. Nínú èyí tó bá jáde náà, EU ṣì ń dá apá kan padà fún àwọn àgbẹ̀ àti àwọn agbègbè tí nǹkan kò fi bẹ́ẹ̀ rọgbọ fún. Kí ìbò tó dé ni Andrew Dilnot, alága àjọ tó ń mójú tó ìṣirò ìjọba, ti kéde pé iye yìí ń ṣi àwọn ará ìlú lọ́nà. Bọ́ọ̀sì kò dúró. Nígbà tó di ọjọ́ 23 oṣù Kẹfà, 17,410,742 èèyàn ní kí wọ́n kúrò nínú EU, 16,141,241 ní kí wọ́n dúró. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Nigel Farage, tó ti ń polongo ìkúrò láti ọjọ́ pípẹ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ikọ̀ tirẹ̀ kọ́ ló ni bọ́ọ̀sì náà, sọ lórí tẹlifíṣọ̀n pé òun kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé NHS máa rí owó yẹn, pé àṣìṣe ni ìlérí náà. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tibí yìí yàtọ̀ díẹ̀: òtítọ́ ti bá irọ́ kí ọjọ́ ìbò tó pé, àwọn méjèèjì sì jọ rìn wọ ibùdó ìdìbò.

Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti ń bèèrè bóyá ó tọ́ láti tún ìbò dì nígbà tí a bá rí i pé irọ́ wà nínú ìpolongo rẹ̀. Èrò tèmi ni pé irọ́ nìkan kò tó fi wọ́gi lé ìbò tí mílíọ̀nù mẹ́tàlélọ́gbọ̀n èèyàn dì. Síbẹ̀, mo gbà pé ó yẹ kí wọ́n tún bi àwọn ará Ìlú Ọba léèrè kí wọ́n tó kúrò. Ìdí tó mú kó yẹ bẹ́ẹ̀ kò sí lára bọ́ọ̀sì pupa, àwọn tó sì ń jà fún ìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì ṣe ara wọn lọ́ṣẹ́ bí wọ́n ṣe gbé ẹjọ́ wọn lé orí rẹ̀. Ọ̀ràn yìí kò jìnnà sí wa. Ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé Ìlú Ọba nígbà náà lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, torí pé orílẹ̀-èdè wa wà nínú àjọ Commonwealth, nígbà tí ọmọ ilẹ̀ Faransé tàbí Jámánì tó ti ń san owó orí níbẹ̀ fún ogún ọdún kò ní ohùn kankan. Ní Southwark ní Lọ́ńdọ́nù, níbi tí Peckham wà, tí èdè Yorùbá ti ń dún láàárín ọjà, ìdá 72.8 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní kí wọ́n dúró. Bẹ́ẹ̀ sì ni NHS tí wọ́n fi ṣe ìlérí yẹn, àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tiwa pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ irọ́. Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn tó ní kí wọ́n kúrò purọ́ nípa owó, wọ́n sì tún lẹ pátákó kiri pé Turkey ń wọ EU bọ̀, bẹ́ẹ̀ láti ọdún 1987 ni Turkey ti kọ̀wé béèrè tí ilẹ̀kùn kò ṣí, orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo nínú àjọ náà sì tó láti dènà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ni ká pe tàwọn tó ní kí wọ́n dúró? George Osborne, mínísítà ètò ìnáwó nígbà náà, ní agbo ilé kọ̀ọ̀kan máa pàdánù 4,300 pọ́n-ùn lọ́dún. Ọ̀nà tí wọ́n gbà rí iye yẹn ni pé wọ́n mú ohun tí wọ́n rò pé gbogbo ọrọ̀ ajé ilẹ̀ náà máa fi dín kù tó bá fi máa di ọdún 2030, wọ́n pín in fún iye agbo ilé, wọ́n wá gbé e jáde bí ẹni pé owó àpò ìyá ẹnì kọ̀ọ̀kan ni. Ilé iṣẹ́ rẹ̀ tún ní tí ìbò bá ti lè lọ sọ́dọ̀ àwọn tó fẹ́ kúrò, ọrọ̀ ajé máa dojú dé lójú ẹsẹ̀, iṣẹ́ á sì bọ́ lọ́wọ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta èèyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ká ní ìbò lọ sọ́dọ̀ àwọn tó fẹ́ dúró ni, ìwé Osborne ni ẹgbẹ́ kejì ìbá gbé lọ síwájú adájọ́. Tí irọ́ bá tó láti da ìbò nù, ìbò wo ló máa dúró?

Bákan náà, kò sẹ́ni tó lè fi òṣùwọ̀n wọn ohun tí bọ́ọ̀sì náà ṣe sí ọkàn àwọn èèyàn. Nígbà tí Lord Ashcroft wádìí lẹ́nu àwọn olùdìbò lọ́jọ́ ìbò gan-an, ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó fẹ́ kúrò sọ pé ìdí tó ga jù fún àwọn ni pé nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kí wọ́n ti máa pinnu ọ̀ràn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìdá 33 sọ pé torí kí ìjọba lè ṣàkóso àwọn tó ń wọ̀lú ni. Èèyàn lè ní èrò méjèèjì yìí láì gba ọ̀rọ̀ ara bọ́ọ̀sì gbọ́ rárá. Ẹni tó bá wá ń sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé wọ́n tàn ọ́ jẹ ni, òmùgọ̀ ló ń pè é, kò sì yẹ kó yà á lẹ́nu tí onítọ̀hún bá kọ etí dídi sí gbogbo ọ̀rọ̀ tó kù.

Òfin ilẹ̀ náà pàápàá mọ ibi tó yẹ kí òun fẹsẹ̀ dúró sí. Lọ́dún 2010, Phil Woolas wọlé sílé aṣòfin láti Oldham East and Saddleworth pẹ̀lú ìbò 103 péré. Ilé ẹjọ́ ìdìbò fagi lé e, torí ó purọ́ mọ́ alátakò rẹ̀ nípa ìwà onítọ̀hún, wọ́n sì tún ìbò ibẹ̀ dì ní oṣù Kìíní ọdún 2011. Òfin kan náà kò sọ nǹkan kan nípa ẹni tó bá purọ́ lórí ètò ìjọba tàbí lórí owó. Mo rí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀: tí adájọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ gbogbo àsọtẹ́lẹ̀ olóṣèlú wò, òun gan-an ló máa di olùdìbò. Nígbà tí ẹnì kan sì gbé Boris Johnson, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ìpolongo ìkúrò, lọ sílé ẹjọ́ lórí mílíọ̀nù 350 yẹn lọ́dún 2019, ilé ẹjọ́ gíga da ẹjọ́ náà nù. Ti owó tí wọ́n ná kọjá ààlà yàtọ̀, torí owó ṣeé kà. Ní oṣù Keje ọdún 2018, àjọ elétò ìdìbò ní Vote Leave, ikọ̀ tó ni bọ́ọ̀sì náà, ná nǹkan bí ìlàjì mílíọ̀nù pọ́n-ùn kọjá mílíọ̀nù méje tí òfin fàyè gbà, wọ́n sì ní kó san ìtanràn 61,000 pọ́n-ùn. Ìtanràn yẹn kéré jọjọ. Ẹni tó bá ń ná mílíọ̀nù kò ní ka irú owó bẹ́ẹ̀ sí ìjìyà, ìnáwó ìpolongo ló máa kà á mọ́.

Ibì kan wà tí mo ti gbà pé irọ́ lè da ìbò nù, Switzerland ló sì kọ́ wa. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejì ọdún 2016, oṣù mẹ́rin ṣáájú ti Ìlú Ọba, àwọn ará ibẹ̀ dìbò lórí àbá kan pé kí owó orí tọkọtaya má ṣe wúwo ju ti àwọn méjì tó kàn ń gbé pọ̀ lọ. Ìjọba kò fẹ́ àbá náà. Nínú àlàyé tí ìjọba ṣe fún àwọn olùdìbò, ó ní nǹkan bí 80,000 tọkọtaya tí àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ ni ọ̀ràn náà kàn. Ìdá 50.8 ló ní bẹ́ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìjọba fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ìṣirò ti já òun kulẹ̀: 454,000 tọkọtaya ni. Ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin ọdún 2019, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fagi lé ìbò náà, irú rẹ̀ kò sì tíì wáyé rí lórí ìbò gbogbo ilẹ̀ náà láyé òde òní. Ẹ wo bí ọ̀ràn náà ṣe rí. Ìjọba ló sọ ọ̀rọ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀, òun nìkan sì ni ìwé owó orí wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò síbi tí olùdìbò ti lè yẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ńbà ni, ó ṣeé kà. Ìyàtọ̀ ìbò tín-ín-rín. Adájọ́ ló sì dá a, kì í ṣe àwọn tó pàdánù. Mílíọ̀nù 350 pọ́n-ùn ti Ìlú Ọba kò jọ èyí. Ikọ̀ ìpolongo ló sọ ọ́, àjọ ìjọba já a ní gbangba, àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́, ẹni tó bá fẹ́ mọ òtítọ́ sì rí i ṣáájú ọjọ́ ìbò.

Kí ló wá mú mi sọ pé ó yẹ kí wọ́n tún bèèrè? Nínú àṣà ìgbéyàwó wa, alárinà á ṣiṣẹ́ tirẹ̀, àwọn ẹbí á wádìí, ọmọbìnrin á ṣíhùn, wọ́n á tọrọ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ìdána tó dé. Ẹni tó ṣíhùn ti sọ pé ọkàn òun fà sí i. Kò tíì sọ pé ẹrù tí wọn kò tíì gbé dé tẹ́ òun lọ́rùn. Bí ẹbí bá tún béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ ìdána, ẹnikẹ́ni kò ní sọ pé wọ́n rẹ́ ọkọ jẹ. Ìṣíhùn ni ìbò ọdún 2016. Òfin ọdún 2015 tó gbé ìbò náà kalẹ̀ kò sọ pé èsì rẹ̀ de ìjọba, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù Kìíní ọdún 2017 pé ìbò náà fúnra rẹ̀ kò yí òfin kankan padà. Ìdáhùn méjì ló wà lórí ìwé ìbò. “Dúró” ní ìrísí tí gbogbo èèyàn mọ̀. “Kúrò” kò ní. Àwọn kan nínú àwọn tó ń polongo rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì á máa bá EU tajà bíi ti Norway, àwọn mìíràn ní wọ́n á já okùn náà pátápátá. Nípa ààlà tó wà láàárín Ireland àti Northern Ireland, ibi tí ìpànìyàn ọgbọ̀n ọdún ti rọlẹ̀ nípasẹ̀ àdéhùn ọdún 1998, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún olùdìbò kò tó nǹkan. Nígbà tí Theresa May, olóòtú ìjọba ìgbà náà, wá gbé ìwé àdéhùn ìkúrò wá sílé aṣòfin ní oṣù Kìíní ọdún 2019, ohùn 432 ta kò ó, 202 gbè é. Nínú àwọn tó ta kò ó ni àwọn tó fẹ́ kúrò jù lọ wà, wọ́n ní èyí kọ́ ni ohun tí àwọn èèyàn dìbò fún. Bó bá jẹ́ pé òótọ́ ni wọ́n sọ, ta ló yẹ kí wọ́n bi?

Èrò yìí kì í ṣe ti àwọn tó pàdánù nìkan. Lọ́dún 2011, Jacob Rees-Mogg, tó padà di ọ̀kan nínú àwọn tó le jù lórí ìkúrò, sọ nínú ilé aṣòfin pé ìbò méjì lè wáyé, kí èkejì tẹ̀ lé ìdúnàádúrà. Farage fúnra rẹ̀ sọ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2016 pé bí èsì bá jẹ́ ìdá 52 sí 48, ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Ìgbà tó sọ ọ́, ó rò pé ẹgbẹ́ tòun ló máa ní 48.

Àtakò tó lágbára jù ni ti ìwé ìléwọ́ tí ìjọba fi mílíọ̀nù 9.3 pọ́n-ùn tẹ̀ tó sì fi ránṣẹ́ sí ilé gbogbo, tó ní ohun tí ẹ bá yàn la máa ṣe. Mi ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ìlérí ni, ẹni tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fojú pa á rẹ́ sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bi ọ́ pé “ṣé bó o ṣe fẹ́ kí n ṣe é nìyí?” kò kọ̀ láti ṣe é. Ibi tí ẹ̀bi wà ni pé David Cameron, olóòtú ìjọba tó pe ìbò náà, kò sọ ọ́ ṣáájú. Ká ní wọ́n ti kọ ọ́ sínú òfin ọdún 2015 pé ìbò méjì ni, ọ̀kan fún ìpinnu, ọ̀kan fún ìwé àdéhùn, kò sẹ́ni tó máa pe èkejì ní ọgbọ́n àrékérekè. Àwọn tó ń béèrè irú ìbò yìí lórí ọjọ́ iwájú ilẹ̀ Yorùbá níbí náà ní láti ronú sí i nísinsìnyí, kí wọ́n tó tẹ ìwé ìbò kankan. Ìbẹ̀rù mìíràn ni pé tí wọ́n bá ti tún ọ̀kan dì, wọ́n á máa tún un dì títí ọwọ́ aláṣẹ á fi tẹ ohun tó fẹ́. Wọ́n máa ń tọ́ka sí Ireland, tí ìdá 53.4 kọ àdéhùn Lisbon ti EU lọ́dún 2008, tí ìdá 67.1 sì gbà á lọ́dún 2009. Òótọ́ ni pé ìwé àdéhùn yẹn kò yí padà. Àmọ́ láàárín ìbò méjèèjì, wọ́n fún Ireland ní ìdánilójú lórí owó orí, lórí ogun tí kò fẹ́ bá wọn jà, àti lórí ìṣẹ́yún, wọ́n sì jẹ́ kó pa àga rẹ̀ mọ́ nínú ìgbìmọ̀ EU. Ohun tuntun ti dé iwájú olùdìbò, wọ́n sì dá a lóhùn. Ibi tí kò bá ti sí ohun tuntun ni mo ti máa bá àwọn alátakò dúró.

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2019, ilé aṣòfin dìbò lórí àbá pé kí àdéhùn yòówù tó bá jáde padà sọ́dọ̀ àwọn ará ìlú. Ohùn 280 gbè é, 292 kọ̀ ọ́. Ní oṣù Kejìlá, ẹgbẹ́ Conservative fi ìdá 43.6 nínú ọgọ́rùn-ún ìbò gba àga 365, àwọn kan sì ní ìyẹn ni ìbò ẹlẹ́ẹ̀kejì. Orí ilé ìwòsàn, ọlọ́pàá, owó orí àti ẹni tó máa ṣe olóòtú ìjọba ni wọ́n di ìbò yẹn pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2020, Ìlú Ọba kúrò nínú EU lórí àdéhùn tí wọn kò gbé ka iwájú olùdìbò kankan lórí ìwé ìbò tirẹ̀.